Ògiri tí kò hàn síta ní Hardwick Hall

Iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń ṣe jẹun ní agbègbè Chesterfield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Nítorí náà, tí mo bá dé iwájú ilé àtijọ́, ibi tí ẹrù ilé gbà délẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Kí ló gbé òrùlé dúró? Kí ló gbé àjà? Ògiri wo ló ń ṣiṣẹ́, èwo ló kàn dúró síbẹ̀ fún ọ̀ṣọ́? Nínú gbogbo ilé òkúta tí mo ti fojú rí ní orílẹ̀-èdè yìí, Hardwick Hall ni ìbéèrè yẹn dùn ún bi jù, nítorí bí ẹ bá dúró níwájú rẹ̀, ẹ ò ní rí ìdáhùn. Gíláàsì lẹ máa rí.

Orí òkè kan ní Derbyshire ni ilé náà wà. Ẹni tó bá ń wakọ̀ lọ lójú títì márosẹ̀ M1 á ti rí i lókè réré, òun àti ilé gogoro mẹ́fà rẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń pa á lówe pé Hardwick Hall, gíláàsì rẹ̀ ju ògiri rẹ̀ lọ. Àsọdùn inú ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta ni ilé náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ga ju èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ. Nísàlẹ̀, fèrèsé rẹ̀ mọ níwọ̀n. Bí ojú yín bá ti ń gòkè ni fèrèsé ń ga sí i, títí ẹ ó fi dé òkè pátápátá, níbi tí òkúta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di férémù lásán.

Obìnrin ló kọ́ ọ. Elizabeth ni orúkọ rẹ̀, àmọ́ Bess of Hardwick ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ní nǹkan bí ọdún 1527 ni wọ́n bí i, sínú ìdílé onílẹ̀ kan tí owó wọn kò tó nǹkan, lórí òkè yìí gan-an. Ọkọ mẹ́rin ló fẹ́, gbogbo wọn ló sì ṣáájú rẹ̀ kú. Èyí tó fẹ́ kẹ́yìn, George Talbot, ìjòyè ńlá tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Earl of Shrewsbury, wà lára àwọn tó lówó jù lọ ní England láyé ìgbà náà, ṣùgbọ́n ìjà dé láàárín wọn, ìjà náà kò sì tán. Bess fi ilé ńlá wọn ní Chatsworth sílẹ̀ ní 1584, ó padà sí Hardwick, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé bàbá rẹ̀ kọ́ ní 1587. Iṣẹ́ yẹn kò tíì parí tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní 1590, ọdún tí Talbot kú. Ìyá náà ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Oṣù Kẹwàá 1597 ló kó wọ ilé tuntun náà.

(Ẹ óò gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn pé Mary, ọbabìnrin Scotland, sùn ní ilé yìí rí. Yàrá kan tilẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè. Òótọ́ ni pé Talbot ni wọ́n fi ṣọ́ ọ fún ọdún gbọọrọ nígbà tó wà ní àtìmọ́lé ní England, ṣùgbọ́n oṣù Kejì 1587 ni wọ́n bẹ́ Mary lórí, ẹnikẹ́ni kò sì tíì gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé tuntun yìí nígbà náà.)

Ohun tó kọ́kọ́ mú inú mi dùn ni bí wọ́n ṣe rí ohun èlò. Òkúta yanrìn ni ilé náà, ara òkè tí ilé dúró lé ni wọ́n sì ti là á. Bess ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe gíláàsì, ó ní òjé, ó ní igbó tí wọ́n ti ń gé igi ìrólé. Ìwé ìnáwó iṣẹ́ náà ṣì wà títí dòní, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń yẹ̀ ẹ́ wò tó ń buwọ́ lù ú. Inú ìwé yẹn la ti mọ orúkọ àwọn oníṣẹ́: John àti Christopher Rodes tí wọ́n gé òkúta tí wọ́n sì mọ ògiri, Thomas Accres tó gbẹ́ mábù, Abraham Smith tó fi pílásítà ya igbó àti ẹranko. Àwa tí à ń fi ọwọ́ mọlé, a kì í sábà rí orúkọ ara wa kà nínú ìtàn ilé ńlá. Mo ka orúkọ àwọn ọkùnrin yìí pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí gíláàsì. Láyé ìgbà náà, kò sí ẹni tó lè yọ gíláàsì kan ṣoṣo tó máa di ojú fèrèsé ńlá. Ègé kéékèèké ni wọ́n ń gé, wọ́n á fi ọ̀já òjé so ó mọ́ra, wọ́n á wá de òjé náà mọ́ ọ̀pá irin kí afẹ́fẹ́ má baà tì í wọlé. Òpó òkúta tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn kan lóòró, àwọn kan níbùú, ló pín fèrèsé kọ̀ọ̀kan sí ojú-ojú. Ẹ sún mọ́ ọ̀kan dáadáa, ẹ óò rí i pé ègé gíláàsì méjì kò dọ́gba: ọ̀kan yọ síta díẹ̀, èkejì tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, bí ìpẹ́ ẹja. Ìwọ̀ oòrùn ni iwájú ilé náà kọjú sí. Tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá wá bà á, ègé kọ̀ọ̀kan á gba ìmọ́lẹ̀ ní tirẹ̀, á sì dà bíi pé iná ń jó kiri lára ilé náà láti igun kan dé èkejì. Gíláàsì fífẹ̀ òde òní kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé.

Kí ẹ lè mọ bí gíláàsì ṣe wọ́n tó: ní ilé olódi Alnwick, ní àríwá, wọ́n dábàá ní 1567 pé kí wọ́n máa yọ gíláàsì fèrèsé kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ nígbà tí olówó ilé kò bá sí nílé, kí ìjì má baà bà á jẹ́. Ìyẹn ní ilé ọlọ́lá o! Kò ju ọgbọ̀n ọdún lọ lẹ́yìn náà tí Bess fi gíláàsì bo ojú ilé rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Àbúrò mi kan bá mi lọ síbẹ̀ nígbà kan. Iṣẹ́ ilé ìfowópamọ́ ló ń ṣe, kò mọ nǹkan kan nípa ilé kíkọ́. A dúró níwájú, ó ń wò ó, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n, níbo ni wọ́n ń dáná sí nínú ilé yìí? Mi ò rí ibi tí èéfín ń gbà."

Inú mi dùn débi pé mo gbá a léjìká. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń kàwé nípa ilé kì í béèrè bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè yẹn gan-an ni kọ́kọ́rọ́ ilé náà.

Ní ọ̀pọ̀ ilé òkúta ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ara ògiri ìta ni ààrò àti ihò èéfín máa ń wà. Ẹ óò rí i tí ògiri yọ ìkùn síta láti ilẹ̀ dé orí òrùlé. Ó bọ́gbọ́n mu, nítorí iná jìnnà sí igi àárín ilé. Àmọ́ ibi tí ihò èéfín bá gbà kọjá, fèrèsé kò lè gba ibẹ̀. Bí yàrá mẹ́ta bá gun orí ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ààrò tirẹ̀, ihò mẹ́ta ni yóò jẹ́ nígbà tó bá fi dókè, òkúta tó yí wọn ká á sì fẹ̀ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ gíláàsì bí Bess ṣe fẹ́ ẹ kò lè ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ní Hardwick, wọ́n kó ààrò àti ihò èéfín wọ inú ilé. Àwọn ògiri inú, pàápàá èyí tó la ilé já lóòró, ni wọ́n ṣe nípọn tí wọ́n sì gbẹ́ ihò sí nínú. Orí ògiri yẹn ni igi àjà ń sinmi lé. Ihò èéfín wà níkùn rẹ̀, ààrò wà lójú rẹ̀, ó sì dúró láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Igi lẹ́yìn ọgbà ni. Nítorí pé ó wà níbẹ̀, ògiri ìta bọ́ lọ́wọ́ púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí ògiri máa ń ṣe, wọ́n sì ráyè dá ihò fèrèsé sí i lára bó ṣe wù wọ́n. Lójú tèmi gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́, àwọn ilé gogoro mẹ́fà náà ń ran ògiri ìta lọ́wọ́ pẹ̀lú. Wọ́n yọ síta, wọ́n ní igun, igun ló sì ń jẹ́ kí ògiri le. Ògiri tó gùn gbọọrọ láìní igun, tó tún kún fún fèrèsé, kò ní pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìkùn.

Gbogbo èèyàn ló ń yin gíláàsì Hardwick. Èmi ń yin ògiri tí kò hàn síta.

Ibi tí ẹ ti máa rí i dáadáa ni gbọ̀ngàn gígùn tó wà lókè. Láti ìpẹ̀kun ilé kan dé èkejì ni gbọ̀ngàn náà gbà ní apá ìlà oòrùn, ó gùn tó nǹkan bíi mítà àádọ́ta. Tí ẹ bá wọ ibẹ̀, fèrèsé ló gba apá kan pátá, ìmọ́lẹ̀ ń ya wọlé. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí i. Ògiri apá kejì ni ògiri inú tí mo ń wí. Ààrò ńlá méjì ló wà lára rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ Accres, òkúta alabásítà àti mábù dúdú. Ère Ìdájọ́ wà lórí ọ̀kan, ère Àánú wà lórí èkejì. Lẹ́yìn wọn ni aṣọ híhun mẹ́tàlá tó sọ ìtàn Gídíónì inú Bíbélì rọ̀ sí. Bess ra àwọn aṣọ náà ní 1592 lọ́wọ́ àwọn ajogún Christopher Hatton, ìjòyè ńlá lábẹ́ Elizabeth Kìíní, ọbabìnrin England. Àmì ìdílé Hatton wà lára wọn, ló bá ní kí wọ́n yọ owó pọ́n-ùn márùn-ún kúrò nítorí pé òun ní láti fi tòun bò ó. Wọ́n gbà fún un. Ó ti lówó bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, síbẹ̀ pọ́n-ùn márùn-ún kò kéré lójú rẹ̀.

Ní ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà ń wọ gbọ̀ngàn náà, mo na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta (wọn kì í jẹ́ kéèyàn fọwọ́ kàn án, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀) láti mọ bí ògiri ṣe nípọn tó. Ó ju ìgbọ̀nwọ́ mi lọ dáadáa. Nínú òkúta eteetí ilẹ̀kùn náà, ojú irin tí wọ́n fi gé e ṣì hàn: ìlà wínníwínní tó dagun, tó ń lọ síbì kan náà, tó sì dáwọ́ dúró bí ìka méjì sí etí òkúta, níbi tí ẹni tó gé e ti yí irin rẹ̀ padà kí etí náà má baà ṣẹ́. Irú òkúta yanrìn yìí kò le púpọ̀. Bí èèyàn bá gbá a láti inú bọ́ síta, etí rẹ̀ á fò lọ. Ẹni náà mọṣẹ́.

Gbọ̀ngàn ńlá tí èèyàn ń kọ́kọ́ wọ̀ nínú ilé náà tún yàtọ̀ sí ti àwọn ilé ìṣáájú. Láyé àtijọ́, èèyàn máa ń gba ìpẹ̀kun kan wọ gbọ̀ngàn ńlá ilé Gẹ̀ẹ́sì, tábìlì olówó ilé á sì wà ní ìpẹ̀kun kejì. Nítorí èyí, ilẹ̀kùn ilé kì í lè wà ní àárín gbùngbùn, iwájú ilé á sì wọ́ sí apá kan. Ní Hardwick, wọ́n yí gbọ̀ngàn náà padà kó lè lọ láti iwájú ilé sí ẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn bọ́ sí àárín, ẹ gba abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ olópòó tó wà láàárín ilé gogoro méjì, gbọ̀ngàn sì ṣí sílẹ̀ níwájú yín tààrà. Apá ọ̀tún ilé bá apá òsì dọ́gba bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. Ibi tí yàrá kò bá fẹ́ bá ìdọ́gba yẹn mu, ojú ìta ni wọ́n tẹ̀ lé: fèrèsé kan wà tí àjà gba àárín rẹ̀ kọjá, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ògiri ló wà lẹ́yìn gíláàsì. Àwọn kan máa ń pe ìyẹn ní ẹ̀tàn. Mi ò gbà. Ó ná wọn ní gíláàsì, ó ná wọn ní òjé, ó sì gba ọjọ́ iṣẹ́.

Àtẹ̀gùn rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù lẹ́yìn ògiri yẹn. Òkúta lásán ni, kò ní ọ̀ṣọ́ kan lára. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀, ó fẹ̀, ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ kò ga, ó sì ń gba inú ilé lọ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń yà, ó ń bọ́ sínú òkùnkùn díẹ̀, ó tún ń jáde sí ojú fèrèsé. Nísàlẹ̀ ni ilé ìdáná àti àwọn ìránṣẹ́ wà, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kìíní jẹ́ ti Bess àti àwọn ẹbí rẹ̀, òkè pátápátá ni wọ́n ti ń gba àlejò pàtàkì. Àlejò náà á ti gun òkè títí kó tó dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá ńlá tí Bess ti ń jókòó bí ọbabìnrin. Nígbà tí ilẹ̀kùn yẹn bá ṣí, igbó tí Abraham Smith fi pílásítà ṣe ló máa kọ́kọ́ rí, ó yí orí ògiri ká: igi, àgbọ̀nrín, àwọn ọdẹ, àti Diana, òrìṣà ọdẹ àwọn ará Róòmù àtijọ́, tó jókòó sáàárín wọn. Ẹní tí wọ́n fi koríko odò hun wà nílẹ̀ títí dòní. Àtẹ̀gùn tó ní ọ̀ṣọ́ jìngbìnnì ì bá ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, nítorí ojú àlejò á ti yó kó tó débẹ̀.

Otútù ńkọ́? Otútù wà, ó sì pọ̀. Gíláàsì kì í dáàbò boni lọ́wọ́ otútù bí òkúta ṣe ń ṣe. Àkọsílẹ̀ ẹrù ilé tí wọ́n ṣe ní 1601 fi hàn pé nínú yàrá tí Bess ti ń sùn, wọ́n fi ìbora kọ́ sí ojú fèrèsé, wọ́n tún fi kọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn. Olówó ilé tó fi gíláàsì bo òkè, tó tún ń fi ìbora dí i! Mo rò pé ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, ó sì yàn án. Lórí ilé gogoro mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, lẹ́tà E àti S ló wà níbẹ̀ tí wọ́n fi òkúta gbẹ́, Elizabeth Shrewsbury, pẹ̀lú adé ìjòyè lókè wọn. Ó gbé inú ilé náà títí ó fi kú ní oṣù Kejì 1608.

Ẹ má ṣe kúrò níbẹ̀ láìwo ilé àkọ́kọ́, èyí tó ń tún kọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ tuntun. Kò jìnnà sí i rárá. Òrùlé rẹ̀ ti lọ, àjà rẹ̀ ti lọ, ògiri nìkan ló kù. Fún èmi, ilé ẹ̀kọ́ ni. Ààrò so mọ́ ògiri lókè láìsí ilẹ̀ níwájú rẹ̀, pílásítà ṣì wà lára àwọn kan, ẹ óò sì rí ihò tí wọ́n ti igi àjà bọ̀. Ohun tí ilé tuntun fi pa mọ́ ló ṣí sílẹ̀ gbayawu níbẹ̀. Bí àyè bá wà, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ kí ẹ tó wọ èkejì.

Ó ku ẹni tó ya àwòrán ilé náà. Robert Smythson ni gbogbo àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ń dárúkọ. Oníṣẹ́ òkúta ni, ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ńlá Longleat kó tó kọ́ Wollaton Hall ní Nottingham láàárín 1580 sí 1588. Kò sí ìwé àdéhùn kan lọ́wọ́ wa tó sọ pé òun ló ya Hardwick, ṣùgbọ́n àwòrán kan wà nínú àwọn ìwé rẹ̀ tó jọ ilé náà gan-an, ìwé ìnáwó Bess sì fi hàn pé òun àti ọmọ rẹ̀ gba owó níbẹ̀ ní 1597. Ó kú ní 1614, wọ́n sì sin ín sí ṣọ́ọ̀ṣì Wollaton. Òkúta ibojì rẹ̀ pè é ní ayàwòrán àti alábòójútó ilé ọlọ́lá ti Wollaton, pẹ̀lú oríṣiríṣi ilé mìíràn tó lókìkí. Wollaton dára, mo ti lọ wò ó, ọ̀ṣọ́ pọ̀ lára rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n gbé irin lé lọ́wọ́ láti kọ ọ̀rọ̀ sórí òkúta náà, Hardwick ni ǹ bá kọ.